Bàbá Mi Láàárín Àwọn Wakapáàsì

Ní Hollywood, kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi sí Akínyínká Adéjàre. Kíńgì Jàre ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀. Kò sí afọbajẹ kankan tó fi wọ́n joyè o, àwọn fúnra wọn ló gbé adé lé ara wọn lórí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n. Wọ́n dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo, wọ́n fọ abọ́ nílé oúnjẹ, wọ́n wa mọ́tò fún òṣèré kan tó ti darúgbó, ẹ̀yìn òṣèré yẹn ni wọ́n sì ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù. Ìgbà tó yá, àwọn náà di pròdúsà. Fíìmù ẹ̀rù kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, nípa ilé kan tó máa ń dáhùn bí èèyàn bá pe orúkọ òkú nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó retí nǹkan kan níbẹ̀, àfi bí èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tò yí ilé sinimá po. Èkejì tún mú. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ìkarùn-ún, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn mọ́.

Kóòtù aláwọ̀ àlùkò ni wọ́n máa ń wọ̀, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ ògòǹgò sí. Wọ́n gun ràkúnmí lọ síbi ìfihàn fíìmù wọn kan. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní kí hẹlikópítà máa da òdòdó lé àwọn àlejò lórí. Atẹ́gùn hẹlikópítà náà ká wíìgì kúrò lórí òṣèrébìnrin kan, ó gbé e sọ sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́. Bàbá mi bẹ́ sómi tòun ti kóòtù lọ́rùn, wọ́n yọ wíìgì náà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún obìnrin náà. Títí di òní, àwọn kan ń sọ pé bàbá mi ló ṣètò gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Inú ìwé ìròyìn yẹn lèmi náà ti kà á, ní Sùúrùlérè, lọ́dọ̀ màmá mi. Mo ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí àwọn òbí mi túká. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí fóònù ni mo ti ń gbọ́ bàbá mi, lọ́jọ́ ìbí mi, tàbí lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá gbàgbé.

"Ìbídùn, ọmọ ọba! Kí lo fẹ́ kí Dádì rà fún ẹ?"

Mo máa ń sọ pé kí wọ́n wá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń dé, tàbí bèbí tí irun rẹ̀ gùn ju tèmi lọ.

Fíìmù tó gbé wọn ṣubú, Dubai ni wọ́n ti fẹ́ yà á. Ìtàn ọbabìnrin kan tó jọba nínú aṣálẹ̀ ni. Bàbá mi kọ́ odindi ìlú sórí iyanrìn, ní apá ẹ̀yìn Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai: ààfin, ọjà, odi ìlú, pákó lásán tí wọ́n kùn lọ́dà ni gbogbo rẹ̀. Lákòókò yẹn, Dubai fúnra rẹ̀ ń kọ́lé bí ẹni tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀. Kireeni dúró sójú kan lórí ilé tí kò tíì ní òrùlé. Àwọn àjèjì kan pa mọ́tò wọn tì sí pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sá lọ sílùú wọn. Àwọn tó gbówó fíìmù bàbá mi kalẹ̀ náà yọwọ́, òṣèrébìnrin tó yẹ kó ṣe ọbabìnrin sì bá tiẹ̀ lọ. Bàbá mi takú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ìjì aṣálẹ̀ fi wó ààfin náà lulẹ̀. Àwọn tó máa ń jó yí wọn ká ní Hollywood kò gbé ìpè wọn mọ́. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ lọ́hùn-ún kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Fóònù ọjọ́ ìbí náà dákẹ́. Àwa tó wà l'Ékòó kò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí.

Màmá mi kò fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ohun tí màmá sọ kò ju pé, "Bàbá ẹ mọ òkè gùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀."

Nígbà tí mo wọ yunifásítì aládàáni kan ní Sharjah, mo máa ń wo ojú àwọn àgbàlagbà ọkùnrin nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún kan, mo jáwọ́.

Azeezat, ọmọ Ìlọrin tí a jọ ń gbé yàrá, ló gbọ́ pé àwọn kan ń wá wakapáàsì fún ìpolówó fóònù tuntun kan. Wakapáàsì ni àwọn tó máa ń rìn kọjá lẹ́yìn òṣèré nínú fíìmù, tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè orúkọ wọn.

"Yalla, jẹ́ ká lọ," ni Azeezat wí. "Wọ́n á gbé wa lọ, wọ́n á fún wa lóúnjẹ, a ó sì rí fọ́tò yà."

Ọjọ́ Ẹtì ni, a ò ní kíláàsì. Bọ́ọ̀sì gbé wa ní Al Qusais ní Dubai, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe iṣẹ́ sikiọ́rítì wà nínú rẹ̀, àti àwọn ará Íńdíà, Kamẹrúùnù àti Filipíìnì, gbogbo èèyàn ń sùn lọ. Inú aṣálẹ̀ ni bọ́ọ̀sì já wa sí. Àwọn onífíìmù ti to àwọn ìsọ̀ jọ níbẹ̀, bí ọjà ayé àtijọ́. Wọ́n fún àwa obìnrin ní aṣọ dúdú gígùn àti agbọ̀n èso, a sì jókòó sábẹ́ àgọ́ kan. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n tò sínú oòrùn.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ̀yin ẹ má wo kámẹ́rà," lẹnì kan ń sọ ní Yorùbá. "Kámẹ́rà dà bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Bẹ́ ẹ bá ń tẹjú mọ́ ọn, á sá."

Àwọn ọkùnrin tó yí i ká bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Hollywood! Ẹ tún ti dé!"

Mo yíjú. Bàbá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràkúnmí, wọ́n wé láwàní fún un, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó rù ju ti inú ìwé ìròyìn lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń pè mí lọ́mọ ọba lórí fóònù nìyẹn. Mo gbé agbọ̀n èso mi sílẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Azeezat bi mí.

"Dádì mi nìyẹn."

"Èwo? Ẹni tó mú ràkúnmí dání?"

"Ẹni tó jókòó."

Azeezat wò ó títí, ó wá di ọwọ́ mi mú.

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred, igbákejì olùdarí, ló ń fi gbohùngbohùn pàṣẹ fún wa. Òṣèré tó ń polówó fóònù náà á gun ẹṣin gba àárín ọjà kọjá, á gbé fóònù sókè, gbogbo ọjà á sì dúró bí ère, bí ẹni pé ìyàlẹ́nu mú wa. A ṣe é, kò dára. A tún un ṣe, ẹṣin náà kọ̀. A tún un ṣe. Omi àwọn ọkùnrin ti tán, oòrùn sì wà ní àtàrí.

Ọkùnrin kan wà tó gbé àpò ìrẹsì lé èjìká. Sofiullahi lorúkọ rẹ̀; mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti ṣọ́ ilé mọ́jú kó tó wọ bọ́ọ̀sì wa. Mo rí i tó ń mì. Alfred ń pariwo pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mira, ẹṣin ti ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá mi dìde. Wọ́n gba iwájú ẹṣin kọjá, wọ́n gba iwájú kámẹ́rà kọjá, wọ́n sì fi àyà gba Sofiullahi kí orí rẹ̀ tó kan òkúta. Àpò ìrẹsì bẹ́. Ẹṣin fò sókè.

Olùdarí ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alfred sáré dé. "Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ dìde?"

"Ọkùnrin yìí ń ṣubú."

"A ní ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn."

"Níbo ló wà?"

Alfred wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ẹnì kankan.

"Ẹ fún un lómi ná," ni bàbá mi wí, jẹ́ẹ́. "Bí ó bá ti mu omi tán, kẹ́ ẹ wá lé mi."

Olùdarí ò tiẹ̀ dúró dìgbà yẹn. "Khalas, ó tán! Kí bàbá yẹn máa lọ!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ aṣọ dúdú náà. Mo gbé ike omi tó wà lábẹ́ àgọ́ wa, mo gba àárín ọjà kọjá. Bàbá mi ti jókòó sórí iyanrìn, orí Sofiullahi wà lórí itan wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Dádì."

Ojú wọn kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n máa sá sí. Wọ́n wá wò mí dáadáa.

"Ìbídùn? Ọmọ ọba!" Wọ́n na ẹ̀yìn ró, bíi ti àwòrán inú ìwé ìròyìn. "Wò ó, fíìmù tuntun kan ni mo ń ṣe ìwádìí fún, ìdí nìyẹn tí o fi rí mi láàárín..."

Sofiullahi kérora lórí itan wọn. Bàbá mi wo ojú rẹ̀, wọn ò sì parí irọ́ náà. Wọ́n gba omi lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lórí díẹ̀díẹ̀.

Alfred padà wá pẹ̀lú yìnyín nínú tówẹ́lì. Ó ti rẹ òun náà. "Ẹ má bínú, bàbá. Mo bèèrè àgọ́ méjì, ẹyọ kan ni wọ́n fún mi." Ó gba nọ́ńbà fóònù bàbá mi kó tó lọ, mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Wọ́n kó àwa mẹ́rin sínú bọ́ọ̀sì kékeré kan pé ká máa lọ: èmi, Azeezat, bàbá mi àti Sofiullahi. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ tún já láwàní wọn, wọ́n bá wa wọlé. A rìn jìnnà díẹ̀. Sofiullahi, tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lọmọ wọn, ẹ ò ní tàn wá. Gbogbo ìtàn tí bàbá yìí máa ń sọ fún wa ní yàrá, ṣé òótọ́ ni? Ràkúnmí?"

"Òótọ́ ni."

"Hẹlikópítà?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Wíìgì ńkọ́?"

"Wíìgì náà."

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ló bá ran gbogbo wa, títí kan bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, nígbà tí ẹ̀rín tán, omi náà kò dá.

Mo tẹ̀ lé wọn dé yàrá wọn ní Al Qusais. Ibẹ̀ kì í ṣe yàrá ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì-méjì ló kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, bedspace ni wọ́n ń pè é. Ti bàbá mi wà nísàlẹ̀, wọ́n fi aṣọ ta á bíi yàrá kékeré. Wọ́n po tíì fún mi, wọ́n fi mílíìkì púpọ̀ sí i. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa lórí bẹ́ẹ̀dì, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti òkè.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ò pè?"

Wọ́n yí kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. "Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá dìde padà ni wàá rí mi."

"Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ dìde. Mo ní kẹ́ ẹ wá. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́."

Ẹnì kan ń din ẹyin ní kíṣìnnì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Gbogbo ọdún yẹn," ni bàbá mi wí nígbà tó yá, "mo rò pé mò ń sáré lé nǹkan ni. Ìbídùn, sísá ni mò ń sá. Má bínú sí mi."

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ó sì bí mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo ra ìpékeré dání, bàbá mi sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wo títì.

Kò pẹ́ tí Alfred fi pè. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń polówó fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ míì báyìí. Èrò púpọ̀ ló nílò, ṣùgbọ́n ibi gbogbo tó bá ti bèèrè ní Al Qusais, ohun kan náà làwọn èèyàn ń sọ fún un: bí Bàbá Hollywood ò bá sí níbẹ̀, àwọn ò lọ. Ó ní kí bàbá mi wá máa bá òun kó wakapáàsì jọ, kí wọ́n sì máa ṣe alábòójútó wọn.

Bàbá mi gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n yínmú. "Èmi? Èmi Kíńgì Jàre, kí n máa kó wakapáàsì jọ bí ẹni ń kó adìẹ?"

Sofiullahi ń fi áyọ́ọ̀nù na aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò yíjú. "Bàbá, àwa ni wakapáàsì náà."

Mi ò tíì rí i kí ọ̀rọ̀ wọra bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Sofiullahi níbi tó wà. "Sofiu, mo ṣì í sọ. Jọ̀ọ́." Sofiullahi ní ó ti tán, ó ń na aṣọ rẹ̀ lọ. Bàbá mi wá pe Alfred padà, wọ́n sì bá a dúnàádúrà fún odindi ìrọ̀lẹ́. Àgọ́ gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ti iṣẹ́ òru dé, á sùn kó tó dúró sínú oòrùn. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní "ìwọ yẹn". Orúkọ ni kí wọ́n máa pè.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tàíbátù, tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Al Muraqqabat, àdúgbò kan ní Dubai, fún wọn ní àyè tábìlì kan láàárín àwọn páálí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì bàbá mi. Mo máa ń gba ibẹ̀ lọ nígbà míì, màá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ará Nẹ̀pàlì kan, tí onítọ̀hún ń rẹ́rìn-ín wọn, tí Ìyá Tàíbátù náà ń dá sí i láti ẹ̀yìn fíríìjì tí wọ́n ń dì. Àṣehàn wọn kò kúrò lára wọn o. Nígbà tí wọ́n máa ra àgọ́ tiwọn, aláwọ̀ omi ọsàn ni wọ́n rà, tó jẹ́ pé láti títì ńlá lo ti máa rí i. Wọ́n tún ń pariwo. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń tò sí.

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà sí Hollywood. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí wọn ní ilé ìtura kan ní Dubai, ó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ fún mi fúnra wọn. "Ó dùn mí," ni wọ́n wí, "ó dùn mí dé alẹ́." Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ wa. Bàbá mi á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Sharjah, a ó máa rìn lẹ́bàá omi. Lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fíìmù kan tó wà lọ́kàn wọn, fíìmù kékeré tí Sofiullahi àti àwọn ará yàrá lè ṣe nínú rẹ̀, tí Alfred á yá wọn ní kámẹ́rà. Ó jẹ́ nípa télọ̀ kan ní Satwa, àdúgbò kan ní Dubai. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé, àwọn oníbàárà rẹ̀ sá lọ láì gba aṣọ wọn. Télọ̀ náà kò ta aṣọ wọ̀nyẹn, kò sì sọ wọ́n nù. Ó so wọ́n rọ̀ sórí ògiri, ó ń gbọn eruku wọn.

Mo dúró de ìgbà tí hẹlikópítà máa wọ inú ìtàn náà. Kò wọ ibẹ̀.

"Kí lo rò?" ni bàbá mi bi mí.

Wọn ò bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí. Mo ronú sí i dáadáa.

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan padà wá gba aṣọ rẹ̀."

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ẹnì kan tó, Dádì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò ní gbà á gbọ́."

Wọ́n mi orí, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n tún dúró. "Ṣé o mọ̀ pé télọ̀ yẹn wà ní tòótọ́? Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi rán gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀."

"Mo fẹ́ rí i," ni mo wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó lọ sẹ́bàá omi. Èmi, bàbá mi, Azeezat àti Sofiullahi la jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Satwa.